Mọ́sà Orí Sàréè Alájà

Aago ọwọ́ ni mo fi mú Fikáyọ̀. Mo bá aago ọ̀gá rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti di àwátì. Ẹ̀yin náà, kí lẹ fẹ́ kí n tún máa wá? Èmi Sájẹ́ǹtì Mákánjúọlá ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ku oṣù mẹ́jọ kí n fẹ̀yìn tì, orúnkún ń dùn mí, mo sì fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè parí.

Ọ̀gá tí mò ń sọ ni Ẹnjiníà Jíbọ́lá, ọmọ Ìkìrun tó ń gbé Ìbàdàn, tó ń gbẹ́ kànga àti bọhóòlù káàkiri. Ọjọ́ Ajé kan ni ó fi Fikáyọ̀ awakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkìrun, tó sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, a rí ọkọ̀ náà lẹ́bàá ìdíkọ̀ rélùwéè ní Òkukù, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹnjiníà ni a ò rí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Ní ọ̀la, wọ́n máa gbé Fikáyọ̀ lọ sí kóòtù ní Òṣogbo pé ó pa ọ̀gá rẹ̀. Ìyàwó Fikáyọ̀ wà nínú oyún oṣù kẹjọ. Àràárọ̀ ni ó máa ń wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú àgọ́ wa, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Ẹ̀rínọlá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá bá wa. Ọmọ Ìkìrun ni, bàbá rẹ̀ ṣe lèmọ́mù títí ó fi kú. Àkọ́bí mi fi ọdún kan jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá mi, mi ò sì jẹ́ kí ìyẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í pariwo. Tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka ọwọ́ rẹ̀, kí ẹni tó parọ́ yáa wá ibi sá sí.

Ó gbé aago náà lé àtẹ́lẹwọ́.

"Sájẹ́ǹtì, níbo gan-an lẹ ti bá a?"

"Nínú àpò rẹ̀, màdáámù. Ó fi ìnujú wé e."

"Níbo lẹ ti bá òun fúnra rẹ̀?"

"Ní gáréèjì, níbi tí ó ní ọ̀gá òun ti ní kí òun dúró."

"Ó jí aago, ó fi ìnujú wé e kí ó má bàa ha, ó wá dúró síbi tí wọ́n fi í sí títí di ọjọ́ kejì." Ó yí òrùka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ti rí irú olè bẹ́ẹ̀ rí?"

Mi ò rí i rí. Mo wo fèrèsé. Ìyàwó Fikáyọ̀ wà níbẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Wọ́n mú Fikáyọ̀ wá. Ó ti rù débi pé ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́ bọ́.

"Ta ló fún ẹ ní aago yìí?" Màdáámù bi í.

"Ọ̀gá ni, mà. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá yìí nígbà mẹ́ta."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń fún ẹ?"

"Wọ́n ní kí n dúró, pé ẹni tó pe àwọn ní kí àwọn nìkan wá. Wọ́n wá bọ́ aago fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà wo?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ lọ wo kànga, mà. Wọ́n máa ń dojú bolẹ̀ sẹ́nu kànga, wọ́n á ju òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á wá máa tẹ́tí. Aago kan ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú kànga ní Ìbà. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń bá wọn mú u."

Màdáámù yíjú sí mi. Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ìbá sàn kí ó bínú. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbọ́ "ọ̀gá ni ó fún mi," mi ò bi ọmọkùnrin náà ní ìbéèrè kẹrin.

Ó pe Ìtùnúolúwa, ọmọ Ẹnjiníà, lórí fóònù ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ọmọ náà wí. "Dádì kì í wọ aago dé ìdí kànga. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní omi ti padà sínú kànga kan tó ti gbẹ tipẹ́, pé ẹni tó ni ín ní kò sí ẹlòmíràn tó lè fi etí mọ ibi tí omi náà ti ń wá àfi àwọn. Dádì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Wọ́n dárúkọ ẹni náà?"

"Rárá, mà." Òun náà wá béèrè tirẹ̀. "Mà, ṣé kí n máa ṣọ̀fọ̀ ni, àbí kí n ṣì máa dúró dè wọ́n? Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Tí mo bá jí láàárọ̀, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe."

"Fún mi di ìrọ̀lẹ́ òní," ni Màdáámù wí.

Mo wò ó bí ẹni tó ṣèlérí òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

*

Òkukù la kọ́kọ́ lọ, níbi tí ọkọ̀ wà. Ìlú mi ni, mo sì mọ̀ pé a ó bá Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Mi ò kọ ohun tó sọ sílẹ̀, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ iwin sínú ìwé ọlọ́pàá.

"Iwin ni mo rí," ni obìnrin náà wí fún Màdáámù. "Mi ò mutí, mi ò sùn. Oòrùn ṣì ga. Mọ́tò Ẹnjiníà dé, iwin bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Fìlà àrán pupa Ẹnjiníà ló dé, ó fà á bojú. Mo ní, 'Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀ o.' Kò dáhùn. Ẹnjiníà tó máa ń kí tèwe tàgbà!"

"Kí ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iwin ni?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun dé kókósẹ̀. Funfun báláú. Ṣé ẹsẹ̀ alààyè nìyẹn? Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé Ẹnjiníà ti kú."

"Níbo ni iwin náà gbà?"

Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé tún ìró rẹ̀ ró. "Ó gun ọ̀kadà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò mí bí ẹni pé òun kò tún ní ta búrẹ́dì fún mi mọ́ láyé.

"Ọ̀kadà ọ̀nà ibo, màmá?" Màdáámù kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ọ̀nà Ìnísà."

A padà sínú ọkọ̀. Màdáámù kò tíì ní kí n wa ọkọ̀. Ó ń yí òrùka.

"Ẹni tó bá ti kú kò nílò ọ̀kadà, Sájẹ́ǹtì. Ẹnìkan ló gbé ọkọ̀ wá síbí kí a lè máa wá Ẹnjiníà ní Òkukù. Ibi tó ti wá ló padà sí. Òtítọ́ ni ìyá yẹn sọ fún yín: ó mọ ọkọ̀, ó mọ fìlà, kò rí ojú. Kí ló máa ń sọ ẹsẹ̀ ènìyàn di funfun ní ọ̀sán gangan?"

"Ẹfun," ni mo wí. "Àbí èlùbọ́."

"Àbí símẹ́ńtì."

Mo mọ ẹni tó ń fi símẹ́ńtì ṣiṣẹ́ ní Ìnísà. Mo mọ ẹni tí Ẹnjiníà ṣẹ̀. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé tí mò ń gbé ní Ìnísà àti agboolé rẹ̀.

"Ọláwálé bíríkìlà," ni mo wí. "Bàbá Dùnsìn."

Mo sọ ọ́ fún un bí a ṣe ń lọ lọ́nà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Dùnsìn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọláwálé bí, ń bá Ẹnjiníà ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà rán an sínú kànga kan ní Igbaye kí ó lọ yọ ẹ̀rọ omi tó há. Afẹ́fẹ́ inú kànga náà kò dára, Ẹnjiníà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà kò gòkè mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, Ẹnjiníà ní ọtí ni ọmọ náà mu yó kí ó tó wọ kànga. Dùnsìn tí a jọ mọ̀, tí kì í mu ju omi àti ògì lọ. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ní ọkọ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, a gbà á gbọ́. Orúkọ ọ̀mùtí la fi sin ọmọ náà.

"A?" ni Màdáámù wí.

"Èmi náà wà níbẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

*

A bá Ọláwálé níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó ń bu omi sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Muslim ni ìyá rẹ̀, Alájà Rábì, ṣùgbọ́n ilé ìwé míṣọ́nnì sọ òun di ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti kékeré, òun ló sì ń mọ sàréè fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kí wa dáadáa, ó gbé àga wá, ó gbé omi wá.

"Ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà la bá wá, sà," ni Màdáámù wí.

"Kí Ọlọ́run bá wa wá a rí."

"Ẹ ò bá a ní gbólóhùn asọ̀?"

"Mo ti dárí jì í. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, níwájú gbogbo ìjọ, mo dì mọ́ ọn. Sájẹ́ǹtì yìí gbọ́ nípa rẹ̀."

Mo gbọ́. Gbogbo ìlú gbọ́, àwọn obìnrin kan tiẹ̀ sunkún. Mo sọ ọ́ fún Màdáámù pé òótọ́ ni.

"Kí lẹ ṣe ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n wá a tì?"

"Mo ń tún sàréè ìyá mi ṣe. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti lọ, mo ní ó tó kí n bo ojú sàréè wọn. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ẹ lọ wò ó."

"Ẹ ní kànga lẹ́yìnkùlé?"

"A ní in tẹ́lẹ̀. Ó gbẹ. Mo ti fi yẹ̀pẹ̀ dí i." Kò wojú ilẹ̀, kò wojú ọ̀run. Ojú Màdáámù gan-an ni ó ń wò.

Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin yìí mọ́. Mo tiẹ̀ bínú sí ara mi pé mo dárúkọ rẹ̀.

A lọ sẹ́yìnkùlé. Agboolé náà ti dá, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó, àwọn arúgbó mẹ́ta ló kù. Mo mọ ibẹ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n pè mí sí sàráà níbẹ̀, mọ́sà wọn sì dùn. Sàréè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá Ìyá Fuad, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Táìsì funfun ni Ọláwálé fi bò ó, ó dán, ó gún régé, kò sí ibi tó wọ́. Iṣẹ́ Ọláwálé kì í wọ́. Ojú ọjọ́ móoru, síbẹ̀ òtútù kan mú mi lẹ́yìn ọrùn. Èmi ò fẹ́ràn sàréè, mi ò purọ́.

Wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí òkè. Màdáámù bẹ Ìyá Fuad ní omi àlùwàlá, ó mú ìbòrí nínú báàgì rẹ̀, ó sì bèèrè ibi tí gábàsì wà.

"Ọ̀kánkán igi ọsàn yẹn, ọmọ mi," ni Ìyá Fuad wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ibi tí oòrùn ti ń yọ."

Màdáámù kò fẹ́ kọjú sí sàréè kírun, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kírun. Èmi dúró sí ìbòji, mò ń wo orúnkún mi. Nígbà tí ó sálámà tán, kò dìde. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ sórí ẹní, ó wo apá ọ̀tún rẹ̀ níbi tí sàréè wà. Ó wo ẹní. Ó tún wo sàréè.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ wá síbí."

Mo lọ.

"Báwo ni ẹní mi ṣe lọ?"

"Ó kọjú sí igi ọsàn."

"Sàréè ńkọ́?"

"Òun náà kọjú sí igi ọsàn." Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí sàréè gbogbo ẹbí mi ṣe rí ní Òkukù nìyẹn, ẹsẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Onítẹ̀bọmi ni mí.

"Ẹ̀yin kìrìsìtẹ́nì lẹ máa ń sin òkú yín bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tiwa, ojú òkú la máa ń kọ sí gábàsì. Ẹ̀gbẹ́ la máa ń fi òkú lélẹ̀. Sàréè wa máa ń dábùú ni, kì í bá ẹní ìkírun lọ sí ọ̀nà kan náà. Bàbá mi sin ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mo máa ń tẹ̀ lé e. Mi ò rí Alájà kan tí wọ́n sin báyìí rí láyé."

"Bóyá àwọn tó sin ín ló ṣìṣe."

"Wọn ò ṣìṣe. Alájà ò sí níbí ni. Ẹni tó mọ èyí, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ sàréè ṣọ́ọ̀ṣì lára. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe é, kò sì rántí pé ìmàle ni ìyá òun."

Ó mú kóńdó lọ́wọ́ mi. Ó fi kan àárín sàréè náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dún bí ìkòkò tí kò sí omi nínú rẹ̀.

Ìyá Fuad ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Arúgbó tí kì í lè rìn kíá náà sáré dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ọwọ́ Màdáámù mú.

"Má kàn án mọ́, ọmọ mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má jí i. Ìgbà tó dákẹ́ la tó rí oorun sùn."

"Ta ni, màmá?"

"Alájà ni. Ó ti wí fún gbogbo wa kí ó tó kú pé ká má mọ nǹkankan lé òun lórí, pé kí ojú ilẹ̀ òun tẹ́jú. Ọláwálé ò gbọ́. Ọjọ́ Ajé tó mọ ọ́n, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Alájà bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn. Kó, kó, kó. Lára ògiri mi báyìí. Ó máa sinmi, ó tún máa kàn. Nígbà mìíràn ó ń kérora. Mo sọ fún Ọláwálé pé kó wó o. Ó ní ìyá òun ni, òun mọ bí òun ó ṣe tù ú. Òun ló wá mọ́sà, òun ló wá oyin, ó pe àwọn alùfáà, a ṣe sàráà lọ́jọ́rú."

"Títí di ìgbà wo ló fi kànkùn?"

"Ọjọ́bọ̀, ó dákẹ́. A ní àlhàmdù. A ní Alájà ti gba ẹ̀bẹ̀ wa."

Màdáámù bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Màmá, ojú yín ti di bàìbàì," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Ẹ rántí. Níbo gan-an ni wọ́n sin Alájà sí?"

Arúgbó náà dúró. Ó yíjú káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Ó na ọwọ́ sí ìdí igi ọsàn, níbi tí koríko ti hù.

"Ibẹ̀ yẹn ni mo rò. Ṣùgbọ́n Ọláwálé ní ibí ni. Ìyá rẹ̀ ni, mo ní èmi ló ń gbàgbé."

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Kànga," ni Ìyá Fuad wí. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì. "Kànga ló wà níbí."

*

Ọláwálé kò sá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi búlọ́ọ̀kù, ó na méjèèjì sí mi. Ó bá wa dé ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó, ó ń wo àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí mo pè ní àdúgbò bí wọ́n ṣe ń fi dígà lu iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀," ni ó wí fún wọn. "Kọnkéré ibẹ̀ kò nípọn."

Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde láàárín búlọ́ọ̀kù ni fìlà àrán pupa kan, símẹ́ńtì ti gan mọ́ ọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni kọnkéré pẹlẹbẹ kan wà, tí Ọláwálé ní òun ti mọ sílẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, tó gba ẹnu kànga bí ọmọrí ṣe ń gba ìkòkò. Nígbà tí wọ́n gbé e, gbogbo wa padà sẹ́yìn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀. Kànga náà jìn tó ọkùnrin mẹ́rin. Ẹnjiníà jókòó ní ìsàlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, irú èyí tó máa ń jù sínú kànga. Lára ògiri, ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ojú kan ti jẹ wọnú bí ojú ọlọ.

"Ẹ pè é pé omi ti padà," ni Màdáámù wí fún Ọláwálé.

"Mo pè é pé kò sí ẹni tó létí bíi tirẹ̀. Ó dé, ó dojú bolẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó ní, 'Bàbá Dùnsìn, mi ò gbọ́ nǹkankan.' Mo ní kó tẹ́tí sí i." Ọláwálé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò wúwo láti tì."

"Ẹ dì mọ́ ọn lọ́jọ́ Àjíǹde."

"Kó lè máa wá tí mo bá pè é ni. Ọmọ mi pe orúkọ rẹ̀ láti inú kànga, lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹnjiníà ní ọtí ló ń pè." Ó gbé ojú sókè, èmi ni ó wò. "Ní ọjọ́rú, mo jókòó síbí láàárín àwọn alùfáà, mò ń jẹ mọ́sà, mò ń gbọ́ ọ. Gbogbo yín ń gbọ́ ọ. Mò ń retí kí ẹnìkan sọ pé ènìyàn nìyẹn. Tí ẹnì kan bá sọ ọ́, mi ò ní jiyàn. Mo ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀."

Ìyá Fuad ti gbé orí sí orúnkún.

*

A dé Ìkìrun kí oòrùn tó wọ̀. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló ṣí sẹ́ẹ̀lì. Fikáyọ̀ jáde, ìyàwó rẹ̀ dìde lórí búlọ́ọ̀kù, wọn ò dì mọ́ra, wọ́n kàn dúró súnmọ́ ara wọn. Fikáyọ̀ bi mí pé ta ni wọ́n máa fún ní aago ọ̀gá òun, pé kí wọ́n rọra mú u, nítorí ojú rẹ̀ máa ń tètè ha.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, sà. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ pé kò sí wàhálà.

Mo wọ ọ́fíìsì. Màdáámù ti gbé ìwé síwájú mi, òun sì ti pe nọ́ńbà Ìtùnúolúwa.

"Màdáámù," ni mo wí, "mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ."

"Mo mọ̀. Ìyá Fuad ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí ẹ lọ pe àwọn oní-dígà." Kò yí òrùka rẹ̀. "Mò ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Ọmọ náà gbé fóònù. Màdáámù sọ fún un pé kí ó máa ṣọ̀fọ̀ báyìí, pé a ti rí bàbá rẹ̀, pé Fikáyọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A gbọ́ ẹkún rẹ̀. A jẹ́ kí ó sun ún. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé wọ́n tètè kú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé wọ́n tètè kú."

Màdáámù wò mí. Ó ti fóònù sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

Ó ku oṣù mẹ́jọ kí n fẹ̀yìn tì. Mo lè parọ́ fún ọmọ náà, irọ́ náà ìbá sì ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n irọ́ tó rọ ènìyàn lọ́rùn la ti pa mọ́ Dùnsìn.

"Ọmọ mi," ni mo wí, "Sájẹ́ǹtì Mákánjúọlá ni mí. Bàbá rẹ kànkùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará ilé rò pé òkú ni. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pè mí nítorí pé ọlọ́pàá ni mí. Mo lọ. Mo dúró lórí rẹ̀ gan-an, mo sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì."

Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Kí lẹ wá ṣe, sà?"

Mọ́sà mẹ́rin ni mo jẹ, mo mú méjì lọ sílé. Mo sọ ọ́ fún un.